Ṣé Kí A Fi Ẹ̀rọ Sí Àìná Létí?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. Adití ni mo bí i. Àwọn dókítà fẹ́ fi cochlear implant, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ sínú etí, sí i létí méjèèjì. Àbúrò ọkọ mi, tí òun náà jẹ́ adití, yarí kanlẹ̀. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: “Ìyàwó wa, ta ló ní àrùn ń ṣe ọmọ yẹn? Ìlà lẹ fẹ́ kọ fún ẹni tí kò lè ní òun ò fẹ́.” Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Àìná, Manchester

ÌDÁHÙN: Ìyá Àìná, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Àbàjà ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ọmọ àìtíì pé oṣù kan ni mí nígbà tí olóólà dé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ka ìlà kíkọ fọ́mọdé léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Kì í ṣe àbúrò ọkọ rẹ nìkan. Ní 1991, ẹgbẹ́ àwọn adití ní Amẹ́ríkà tako fífi ẹ̀rọ yìí sọ́mọdé létí. Ní 2000 wọ́n gbà pé òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn.

Ṣùgbọ́n ìlà lè dúró dọmọ. Èdè kì í dúró. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn adití n'Íbàdàn, ọmọkùnrin kan dé kíláàsì mi lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni ò fi ẹnu tàbí ọwọ́ kọ́ ọ lédè rí. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á di etí aṣọ mi mú, á fà mí lọ sídìí ìkòkò omi. Ó gbọ́n bí nǹkan míì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lé ohun tó ti sọ nù. Bẹ́ ẹ bá ní kí Àìná dàgbà kó tó yàn, ẹ ti yàn fún un nìyẹn.

Nítorí náà, fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé adití náà ló ṣì máa jẹ́. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n máa tì bọ inú etí lọ́hùn-ún. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń mú apá ti òde mọ́ orí. Lálẹ́, tó o bá yọ ọ́ kó lè sùn, kò ní gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Kí lo fẹ́ fi pè é tó bá ń sunkún? Ọwọ́ ni. Kí ọkọ rẹ bẹ àbúrò rẹ̀ kó wá máa kọ́ gbogbo yín lédè ọwọ́, láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Èdè tirẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè kọ́ Àìná bíi tiẹ̀.

Béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà àrùn yírùnyírùn, torí ẹ̀rọ náà lè mú un wọlé.

Fi èsì yìí han àbúrò ọkọ rẹ. Bí inú bá ṣì ń bí i, kó kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀.