Kí ẹ tó ra dígí tí ń yí tẹ̀ lé oòrùn, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ilé alájà mẹ́wàá yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àárín rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé iná kì í kú níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ẹnì kan sì fẹ́ ta dígí tí yóò máa yí tẹ̀ lé oòrùn lórí òrùlé fún yín, mo kí yín o. Ohun tí ẹ ń rò lọ́wọ́ yìí ni mo ti fi owó onílé àti orúkọ ara mi dán wò rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe alábòójútó ilé alájà mẹ́sàn-án kan tí kò jìnnà sí Marina. Àgbàlá kan wà láàárín ilé náà, tóóró bí ihò kànga, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3, tí ó sì jìn ní mítà 27 láti ẹnu rẹ̀ lórí òrùlé dé ìsàlẹ̀. Gbogbo fèrèsé àwọn ọ́fíìsì inú ni ó kọjú sí àgbàlá yìí, ṣùgbọ́n láti àjà kẹrin wá sí ìsàlẹ̀, bí ènìyàn bá pa iná, kò ní lè ka ìwé tí ó mú lọ́wọ́. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wa ti ń mu dísù nítorí gílóòbù lásán.

N kò ní sọ pé kí ẹ má rà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé dígí kì í dá ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Alágbàrù ni: ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, ó sì ń bù jẹ nínú ẹrù náà ní gbogbo ibi tí ó bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Orí oòrùn fúnra rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Èkó wà ní nǹkan bí dígírì 6 àti ààbọ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn ń gba àtàrí wa kọjá gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Kì í tilẹ̀ ṣe aago méjìlá ni ó ń débẹ̀, bí kò ṣe nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí pé aago tí a ń lò ní Nàìjíríà kò bá ibi tí Èkó wà mu rẹ́gí. Àwọn àkókò méjèèjì yìí nìkan ni oòrùn ń dé ìsàlẹ̀ àgbàlá wa, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa yọjú wò ó bí àlejò. Ní oṣù kejìlá, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ní oṣù kẹfà, ó ti ré kọjá sí àríwá. Oṣù kejìlá ni ẹni tí ó kọ́kọ́ bá wa ṣe dígí wá. Ó wo oòrùn, ó kọjú dígí mẹ́rin sí gúúsù, ó fi irin dè wọ́n pinpin, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Inú wa dùn títí ọdún tuntun fi wọlé. Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún, ẹ̀yìn dígí ni oòrùn ọ̀sán ń dà sí.

Kí oòrùn tó fi wá sílẹ̀ pàápàá, ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ní àjà keje, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bẹ̀ wá fún ìmọ́lẹ̀. Dígí pẹrẹsẹ kì í tan ìmọ́lẹ̀ ká: èyí tí ó fẹ̀ ní mítà 1, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá rin gbogbo mítà 27 náà, kò ní fẹ̀ ju mítà 1.25 lọ. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ wa gba fèrèsé kan wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, ó sì dúró gbágbá bí aṣọ funfun lórí tábìlì màmá kan tí ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó. Bí aago kan bá ti ń sún mọ́, màmá náà kò lè rí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́, orí a sì máa fọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹta tí mo gòkè lọ, mo bá a pé ó ti fi ìwé ìròyìn àti sẹ́lótéèpù dí fèrèsé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tan gílóòbù sókè orí, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ má bínú o, ojú yìí ni mo fi ń jẹun.” N kò rí èsì fọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn gangan lè tó 100,000 lux, ìyẹn òdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ń bọ́ sórí nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì ni 300 sí 500 ti tó fún tábìlì ọ́fíìsì. Ẹni tí ó da àgbá omi lé orí ẹni tí ó béèrè ife kan kò ṣe é lóore.

Dígí tí ń yí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní heliostat, ni ó wà fún ọ̀rọ̀ oòrùn tí kì í dúró sójú kan. Ìdajì ìrìn oòrùn ni dígí náà máa ń rìn: bí oòrùn bá rin dígírì 15 láàárín wákàtí kan, tirẹ̀ á jẹ́ 7 àti ààbọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta padà má baà kúrò níbi tí a yàn fún un. A ra méjì lẹ́yìn náà. Mọ́tò tí ń yí wọn kò jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bátìrì tí ó gbè é lẹ́yìn, a kò sì ronú kan èyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan iná lọ, dígí dúró, oòrùn ń bá tirẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò lẹ́nu àgbàlá wa títí ó fi wọ ilé àwọn aránṣọ tí ó wà ní òdìkejì òpópónà. Ọ̀gá wọn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò ṣeé kọ síbí. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á fi hàn yín bí dígí náà ṣe ń dojú bolẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé e lọ.

Ẹ má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni ta dígí tí ó tẹ̀ wọnú bí abọ́ fún yín pé yóò mú ìmọ́lẹ̀ lágbára. Ojú ilé 20 Fenchurch Street ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ bẹ́ẹ̀, gíláàsì ni, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, oòrùn tí ó ń kó jọ sójú ọ̀nà yọ́ lára ọkọ̀ Jaguar kan tí a gbé síbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó fi irin pẹlẹbẹ tí ń dí oòrùn bo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ ni ó ná mi lówó jù. Dígí ìwojú tí a kọ́kọ́ lò kò lo ọdún méjì tí etí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, nítorí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti inú ọ̀sà ń jẹ fàdákà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bò wọ́n pìtìmù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láì tíì ka ti ìgbẹ́ ẹyẹlé. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí: bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu dígí méjì kí ó tó délé, tí eruku sì gba 30 nínú 100 lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 49 péré ni yóò kù, kí a tó ka ohun tí dígí fúnra rẹ̀ jẹ. Ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ ní láti rí ibi tí yóò so okùn àti bẹ́líìtì mọ́ lórí òrùlé. Àwa kò ṣe ibẹ̀, a ní láti padà wá lu dẹ́kì, òjò sì jò wọ àjà kẹsàn-án fún odidi oṣù kan.

Ní ti òjò, bí ìkùukùu bá bo oòrùn, bí ó ti máa ń rí lọ́dọ̀ wa ní oṣù keje, dígí olówó ńlá kò yàtọ̀ sí páànù. Oòrùn ojúkojú ni ó mọ̀ ọ́n gbé.

Àwọn tí ń ta ọjà yìí máa ń fi àwòrán ilé báńkì HSBC ní Hong Kong hàn, èyí tí Norman Foster yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1985, tàbí ti One Central Park ní Sydney. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ní Sydney, dígí 40 tí ń yí ni ó wà lórí ilé kúkúrú, wọ́n ń ju ìmọ́lẹ̀ sókè sí 320 mìíràn tí a kàn mọ́ abẹ́ pẹpẹ ńlá tí ó yọ síta lára ilé gíga, àwọn yẹn ló sì ń dà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ń bọ́ sí: ọgbà àti gbangba ni. Ní Hong Kong, inú gbọ̀ngàn gíga àárín ilé ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n ṣe nítorí tábìlì akọ̀wé.

Ohun tí ó gbà wá gan-an, ọ̀dà funfun ni, mo mọ̀ pé kò dùn létí bí dígí. Ògiri àgbàlá wa jẹ́ sìmẹ́ǹtì tí òjò ti sọ di dúdú. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò lè dá ju nǹkan bí 30 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun tuntun á dá tó 80. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu ògiri lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó dé ìsàlẹ̀, lọ́dọ̀ ògiri dúdú, ohun tí yóò ṣẹ́ kù kò ní tó 1 nínú 100. Lọ́dọ̀ ọ̀dà funfun, nǹkan bí 40 á ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn èyí, a dín fèrèsé òkè kù, a sì fẹ ti ìsàlẹ̀, nítorí ògiri òkè ni ó ń ta ìmọ́lẹ̀ fún àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. A wá kan páànù álúmíníọ̀mù dídán sí ìta fèrèsé àjà kìíní sí ìkẹrin, a dá a gẹ̀rẹ̀ kí ó lè gba ìmọ́lẹ̀ tí ń bọ̀ tààrà láti òkè, kí ó sì jù ú sí sílíìnì. Èyí ń ṣiṣẹ́ lójò pàápàá, nítorí pé nígbà tí sánmà bá ṣú, àtàrí ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta etí rẹ̀. Láti sílíìnì funfun ni ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò gún ẹnikẹ́ni lójú.

Fún àwọn yàrá tí ó kọjú sí òpópónà, pẹpẹ ìmọ́lẹ̀ dára ju dígí òrùlé lọ. Pẹpẹ funfun ni, tí a gbé sójú fèrèsé ní òkè orí ènìyàn, kí oòrùn bọ́ sí orí rẹ̀, kí ó sì fò lọ sí sílíìnì. Òdiwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò ni pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í wọnú yàrá ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ sí méjì gíga fèrèsé láti ilẹ̀ lọ. Pẹ̀lú pẹpẹ, ó lè tó méjì àtààbọ̀. Apá àríwá àti gúúsù ni kí ẹ ṣe é sí. Ní ìwọ̀-oòrùn, abẹ́ rẹ̀ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń gbà wọlé.

Dígí méjì tí ń yí náà ṣì wà lórí òrùlé. A kò darí wọn sí ọ́fíìsì mọ́: ìsàlẹ̀ àgbàlá ni wọ́n ń rán oòrùn sí, sórí òkúta funfun rọ́gọrọ̀gọ kan tí a tẹ́ síbẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó ti ń tàn ká sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Nígbà ọyẹ́, ọmọkùnrin kan ń gòkè lọ fọ̀ wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìbú àti jíjìn àgbàlá tiyín sílẹ̀ fún mi, kí ẹ sì sọ àwọ̀ tí ògiri rẹ̀ ní báyìí, ń ó bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀.