Èsì: Ibi tí tọkọtaya lè gbéra lọ láìṣètò n'Íbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ yín fẹ́ràn kẹ́ ẹ kàn dìde lọ wòran, àmọ́ ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà n'Íbàdàn. Bí èmi àtọkọ mi ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn.

Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n tún ń pè ní Bower's Tower, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, lókè Ààrẹ. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ lọ nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Àtẹ̀gùn inú ẹ̀ ń yí po ni, ó sì há, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ọkọ mi máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn kí n lè dì í mú. Tẹ́ ẹ bá yọrí sókè, páànù tó ti dípẹtà, tó pọ́n bí osùn, lẹ máa rí títí lọ, tí Ilé Kòkó alájà 26 yọ gọngọ láàárín ìlú. Inú mi ṣì máa ń dùn bíi tọmọdé níbẹ̀. Màpó náà ò jìnnà síbẹ̀. Ti àmàlà, mi ò ní sọ jù, ẹ ṣáà jẹun kẹ́ ẹ tó relé.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn odi lẹ fẹ́, ẹ wọ rélùwéè ní Mọníyà, kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, kẹ́ ẹ gun Olúmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè àkókò tí rélùwéè máa padà kẹ́ ẹ tó kúrò níbùdókọ̀. A ò béèrè lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ti lọ ká tó dé. Alẹ́ la fi wọ bọ́ọ̀sì padà wálé.