Ẹ Bi Wá Léèrè: Dírébà tí ẹ̀rù ń bà, àti òyìnbó tó jáde nínú iná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, okun o. Kabba ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Dírébà ni mí, Kabba sí Lọ́kọ́ja ni mo máa ń ná kó tó di pé tírélà kan gbá wa dànù lápá Obajana lọ́dún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́, ọwọ́ mi ló kán, ó sì ti san. Àmọ́ tí mo bá ti di sítíárì mú báyìí, àyà mi á máa já, àwọn kan ní páàkì sì ti ń sọ pé mo ti parí. Ọmọ mi ní òyìnbó kan wà tó ń fi mọ́tò sáré ìje, iná jó o, wọ́n ní kò ní yè é, kò pẹ́ rárá ló tún padà sídìí ọkọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ̀rù ò bà á ni?

ÌDÁHÙN: Okun o, ẹ kú ewu, ẹ sì kú orí ire. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Niki Lauda lorúkọ ẹ̀, ará Austria, Vienna ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1949. Ilé olówó ni o, àmọ́ àwọn ẹbí ẹ̀ ò fẹ́ kó sáré mọ́tò, bàbá bàbá ẹ̀ gan-an ló ní kí báńkì kan má yá a lówó, ló bá gba báńkì mìíràn lọ, ó yáwó níbẹ̀, ó fi ra àyè nínú ẹgbẹ́ tó ń sáré. Gbèsè ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1975 ó ti gba ife àgbáyé Formula One, ìje mọ́tò tó ga jù lọ, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ferrari.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti iná yẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1976, Nürburgring ní Jámánì. Ojú ọ̀nà yẹn gùn ju kìlómítà 22 lọ, inú igbó ló gbà, kọ́nà lórí kọ́nà, àwọn panápaná ò lè tètè débi gbogbo, Lauda fúnra ẹ̀ sì ti ní kí àwọn dírébà má sáré níbẹ̀, wọ́n dìbò sí i, ìbò kan péré ló fi pàdánù. Bí wọ́n ṣe ń sáré lọ ọkọ̀ ẹ̀ yà bàrà, ó lọ kọlu ẹ̀bá ọ̀nà, iná sọ, ọkọ̀ mìíràn tún wá gbá a. Akoto ti bọ́ lórí ẹ̀. Panápaná kọ́ ló yọ ọ́ o, àwọn dírébà tí wọ́n jọ ń sáré ni, Arturo Merzario, Guy Edwards, Brett Lunger àti Harald Ertl, Merzario ló kiwọ́ bọnú iná tó tú bẹ́líìtì ẹ̀. Èéfín olóró tó fà sínú ẹ̀dọ̀fóró tún burú ju ara tó jó lọ, àlùfáà ti wá gbàdúrà ìkẹyìn fún un ní ọsibítù.

Ferrari ti lọ gba dírébà mìíràn, Carlos Reutemann. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iná, Lauda yọ sí wọn ní Monza, Ítálì, báńdéèjì lórí, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára ẹ̀ tó bá ti bọ́ akoto. Ipò kẹrin ló ṣe.

Ẹ̀rù bà á, ó bà á gan-an ni. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà, pé lọ́jọ́ tóun kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ ní Monza, ẹ̀rù mú òun débi pé òun ò lè wà á bó ṣe yẹ. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ kejì ló wú mi lórí jù, kò fipá mú ara ẹ̀, ó rọra ń wà á lọ jẹ́jẹ́ títí ara fi mọ́ ọn, ló bá yára ju Ferrari méjì yòókù lọ nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ fún ìje.

Ẹ wá wo ti Fuji ní Japan lóṣù kẹwàá, eré tó kẹ́yìn lọ́dún náà. Òjò ń rọ̀, ìkùukùu bolẹ̀, iná ti ba ìpéǹpéjú ẹ̀ jẹ́, kò lè ṣẹ́jú dáadáa, bẹ́ẹ̀ póìntì mẹ́ta ló fi ṣáájú James Hunt tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Lauda yí ojú ọ̀nà ìje náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjíníà Ferrari ní kí àwọn sọ pé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́, ó ní rárá, kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí. Hunt fi póìntì kan gba ife náà, 69 sí 68. Lọ́dún 1977 Lauda tún gbà á padà.

Torí náà, àwọn tó ní ẹ ti parí yẹn, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ má sì gbé èrò lọ́la o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mú ọkọ̀ lófìfo láàárọ̀ Sọ́ńdè tí ọ̀nà dá, ẹ wà á dé Iyara, ẹ wà á padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ á fi rọ̀. Tí tírélà bá dojú kọ yín tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ páàkì, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ẹ̀rù ni, ẹ má ní ẹ́ńjìnnì ni. Tí oorun ò bá wá lóru, ẹ lọ rí dọ́kítà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹnì kan fi ààbọ̀ póìntì gba ife Formula One rí, báwo ni ààbọ̀ ṣe wọ̀ ọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Isanlu)

ÌDÁHÙN: Lauda yìí kan náà ni. Ó fi eré sílẹ̀ lọ́dún 1979, ó lọ dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀, ó padà wá sáré fún McLaren ní 1982, ní 1984 ó fi 72 sí 71.5 na Alain Prost tí wọ́n jọ wà ní ẹgbẹ́ kan náà. Eré Monaco ló fa ààbọ̀ yẹn, òjò mú kí wọ́n dá a dúró láìparí, wọ́n wá pín póìntì sí méjì, Prost tó ṣe ipò kìíní gba 4.5 dípò 9. Lauda ti já kúrò nínú eré ọ̀hún ní tiẹ̀. Ká ní wọ́n sá a parí ni, kódà kí Prost ṣe ipò kejì, 6 ni ì bá gbà, òun ni ì bá gbé ife lọ́dún yẹn.