Ìbéèrè Yín: Ẹ́ńjìnnì Kò Kú, Kí Ló Wá Gbé Bàlúù Wọ Omi?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé nígbà tí bàlúù kékeré tí ọmọ Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́, ń wà já sínú òkun ní 1999, wọn ò rí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára ẹ̀. Kò sí ìjì, kò sí òjò. Báwo lèèyàn ṣe máa fọwọ́ ara ẹ̀ wa ọkọ̀ tó dára wọnú omi? Ọmọ apẹja ni mí, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. — Òǹkàwé, Ẹ̀pẹ́*

Jíjẹ́ tí ẹ jẹ́ ọmọ apẹja gan-an ló máa jẹ́ kó tètè yé yín. Ẹ rántí àárọ̀ ọyẹ́ lórí ọ̀sà, nígbà tí eruku bá bo gbogbo ojú ọ̀run: omi funfun, òkè funfun, ẹ ò sì mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ò ní wàhálà, torí ọkọ̀ yín jókòó lórí omi. Ẹni tó wà lókè kò jókòó lórí nǹkan kan.

Ní July 16, 1999, John F. Kennedy kékeré gbéra ní New Jersey ní nǹkan bí aago 8:38 alẹ́ nínú Piper Saratoga, bàlúù ẹlẹ́ńjìnnì kan. Ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, erékùṣù Martha's Vineyard ni wọ́n sì ń lọ. Gbogbo wákàtí tó ti fi wa bàlúù láyé rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 310 lọ, kò sì tíì gba ìwé àṣẹ láti máa fi aago ojú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan wà á. Ilẹ̀ ṣú, kùrukùru fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ọ̀run, omi dúdú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Láàárín aago 9:40 sí 9:41, rédà fi hàn pé bàlúù náà ń já wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4,700 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Àbọ̀ ìwádìí NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ni pé awakọ̀ kò lè darí ọkọ̀ mọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójú omi lóru, torí pé ara rẹ̀ kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́.

Etí ló ń fa èyí. Ihò róbótó mẹ́ta wà nínú etí wa kọ̀ọ̀kan; omi wà nínú wọn, irun wẹ́wẹ́ sì wà níbẹ̀ tó máa ń tẹ̀ bí omi náà bá rìn. Ẹ bu omi sínú abọ́, ẹ ju ewé kékeré lé e, kí ẹ wá máa yí abọ́ náà. Abọ́ á yí, ewé á kọ́kọ́ dúró sójú kan. Tó bá pẹ́ díẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa yí. Bí ẹ bá dá abọ́ dúró, ewé á ṣì máa yí lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti etí. Bí bàlúù bá ń yí lọ ní ìwọ̀n kan náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20, omi etí á bá a dọ́gba, ọpọlọ á sì gbà pé ọkọ̀ ti tọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló rọra ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò tó díígírì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí ò ní mọ̀ rárá.

Bàlúù tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ á rí i lójú aago pé gíga ń dín kù, ara rẹ̀ á sì máa sọ fún un pé apá ọkọ̀ méjèèjì dọ́gba. Ló bá fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra kí imú lè gbé sókè. Ibẹ̀ ni ikú wà, torí ọkọ̀ tó ti dà kò ní gòkè bí wọ́n bá fà á. Á túbọ̀ máa yí ni, eré rẹ̀ á sì máa le sí i. Kí awakọ̀ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kó mú apá méjèèjì dọ́gba, ẹ̀yìn ìyẹn ni kó tó rọra gbé imú. Aago kan wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní àwọ̀ òfuurufú lókè àti àwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀: òun ni kó gbà gbọ́, kì í ṣe ara rẹ̀.

Ní 1954, Yunifásítì Illinois dán èèyàn 20 tí kò tíì kọ́ fífi aago wa bàlúù wò. Kò sẹ́ni tó lè mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin nínú wọn. Ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú-àáyá 178 ni ọkọ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé kí ẹni tí kùrukùru bá ká mọ́ òkè yí padà lójú ẹsẹ̀, díígírì 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan, á ti kọjú síbi tó ti wá. Ọkọ̀ Kennedy ní ẹ̀rọ ótópáílọ́ọ̀tì tó lè gbà á wà. Ó ń dùn wá títí dòní.

*Mẹkáníìkì mọ́tò ni mí. Ṣé omi inú epo lè já bàlúù bó ṣe ń dá mọ́tò dúró? — Òǹkàwé, Ìkòròdú*

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ó lè já a dáadáa. Táǹkì tí kò kún tó sùn mọ́jú máa ń làágùn nínú, rọ́bà ìdérí táǹkì tó ti gbó sì máa ń jẹ́ kí òjò wọlé. Torí náà, kí wọ́n tó fò ní àárọ̀, àti nígbàkigbà tí wọ́n bá rọ epo tán, wọ́n á fi ife gíláàsì kékeré fa epo láti ìdí táǹkì. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ife ló máa wà, á rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Wọ́n á máa fà á títí tí kò fi ní sí mọ́. Àṣìṣe tó ń pani ni kí gbogbo ife jẹ́ omi, kí awakọ̀ rò pé epo tó mọ́ ni. Epo bàlúù kékeré tí wọ́n ń pè ní 100LL ní àwọ̀ búlúù. Kí ó gbé ife síwájú nǹkan funfun, kó wo àwọ̀ náà, kó sì gbóòórùn rẹ̀.

Omi tó bá ṣẹ́kù lè má dé ẹ́ńjìnnì títí ọkọ̀ á fi gbéra tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú níbẹ̀, kí awakọ̀ tẹ imú sílẹ̀ kíá, kó sì balẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá ń wá bó ṣe máa yí padà sí pápá á da ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an. Ní díígírì 60, eré tí apá ọkọ̀ nílò láti gbé e dúró fi nǹkan bí ìdá 41 nínú 100 pọ̀ sí i. Eré yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

*Bí bàlúù kékeré bá já, kí ló máa ń pẹ́ wọn kí wọ́n tó sọ ohun tó fà á? Kí sì ni àwa tó wà nítòsí lè ṣe? — Òǹkàwé, Àgbádárìgì*

Ọ̀pọ̀ bàlúù kékeré kò ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, irin tó fọ́ ni wọ́n ń kà bí ìwé. Bí ẹnu abẹ̀bẹ̀ iwájú bá lọ́, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó balẹ̀. Bó bá tọ́ gbọọrọ, ó ṣeé ṣe kó ti kú. Lábẹ́ òfin àgbáyé, àbọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ 30, wọ́n sì ń fẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn jáde láàárín oṣù 12. NSIB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀, ló ń ṣe é nílẹ̀ wa.

Ẹ pe 112 tàbí 767. Bí ẹ bá lè fa èèyàn jáde láìséwu, ẹ fà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá tàbí fi iná tàn níbẹ̀. Ẹ má kó irin kankan, ẹ má sì fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú: mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì kì í wá bátìrì kó tó ta iná, bí epo díẹ̀ bá sì ṣẹ́kù nínú ẹ́ńjìnnì, yíyí kan ṣoṣo lè mú kí abẹ̀bẹ̀ náà gbá yín lọ́wọ́.