Mo wẹ omi tútù, mo mu kọfí, ṣé ọtí àná ti kúrò lára mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o ma. A lọ ṣe òkú n'Ìbàdàn ní Sátidé, mo bẹ̀rẹ̀ bíà láago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tó fi di aago méjìlá mo ti mu ìgò ńlá márùn-ún. Aago mẹ́fà àárọ̀ mo jí, mo wẹ omi tútù, mo mu kọfí, ojú mi ti wálẹ̀, àmọ́ ìyàwó mi gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi, ó ní mi ò ní wà á wá s'Ékòó. Ẹ̀gbọ́n mi tún ní kí n mu epo pupa pé ó máa pa ọtí náà. A ṣì ní òkú míì lóṣù tó ń bọ̀. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ló jàre, bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi kí i dáadáa.

Ọtí kì í dúró kí ara kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ bí oúnjẹ, díẹ̀ ń gba inú ikùn, èyí tó pọ̀ jù ń gba ìfun kékeré wọnú ẹ̀jẹ̀, ó di ọpọlọ. Ẹni tó bá jẹun yó kó tó mu, oúnjẹ á dá a dúró díẹ̀ fún un. Ẹ̀dọ̀ ló wá ń fọ́ èyí tó lé ní ìdá 90 nínú 100 rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù ló ń bá ìtọ̀, òógùn àti èémí jáde, òun lòórùn tí ìyàwó yín ń gbọ́. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń bá ara fọ́ nǹkan, tí wọ́n ń pè ní alcohol dehydrogenase á kọ́kọ́ sọ ọtí di acetaldehyde, májèlé nìyẹn, ó burú ju ọtí fúnra ẹ̀ lọ, òmíì tó ń jẹ́ ALDH á tètè sọ ìyẹn di acetate tí ò léwu, ara á lò ó tán, á ku omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta.

Àmọ́ ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ yẹn ò pọ̀, kì í pẹ́ tí iṣẹ́ fi ń kún ọwọ́ ẹ̀, látìgbà náà lọ ì báà jẹ́ ìgò méjì ì báà jẹ́ mẹ́wàá ló wà nílẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 7 sí 10 ló máa ṣe ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìgò bíà 60cl tó jẹ́ 5%, ọtí gan-an tó wà nínú ẹ̀ tó gíráàmù 24. Márùn-ún jẹ́ 120. Ẹ fi 10 pín in, wákàtí 12, ẹ fi 7 pín in, ó lé ní wákàtí 17. Tẹ́ ẹ bá kà á láti aago mẹ́jọ alẹ́, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ yá, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló máa tán lára ẹ̀, ẹlòmíì á di aago kan ọ̀sán. Aago mẹ́fà lẹ̀yin fẹ́ gorí márosẹ̀!

Kọfí àti omi tútù ò lè mú ẹ̀dọ̀ yára, oorun ni wọ́n lé lójú yín. Tí tírélà bá ṣàdédé dúró níwájú yín, ẹsẹ̀ yín á pẹ́ kó tó dé bíréèkì. Mo máa ń bẹ̀rù ẹni tó mu kọfí lé ọtí ju ẹni tó ṣì ń sùn lọ, torí ẹni tó ń sùn ò ní wakọ̀.

Epo pupa ò pa ọtí, èyí tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ ò sí nínú ikùn mọ́ tí epo fi máa bá a níbẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe máa ń da epo sẹ́nu ẹni tó ti yó débi pé kò dáhùn mọ́, epo yẹn lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, torí ọtí tó mu kẹ́yìn ṣì ń wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá jí i tí kò jí, tàbí tí mímí ẹ̀ ń falẹ̀, ọsibítù ni o.

Tórí bá ń fọ́ yín láàárọ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń ta oògùn pé ẹ mutí kó tó fún yín ní parasitamọ́ọ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń mu lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń sọ oògùn yẹn di májèlé ju ti ẹlòmíì lọ.

Ní ti òkú oṣù tó ń bọ̀, tó bá jẹ́ àárọ̀ kùtù lẹ fẹ́ wakọ̀, ẹ jẹun dáadáa, ẹ mu ìgò kan, kó má kọjá méjì, kẹ́ ẹ sì ti gbé ife kalẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Tó bá jẹ́ márùn-ún náà lẹ fẹ́ mu, ẹ sùn padà, ẹ máa bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tàbí kí ìyàwó yín wà á.