Èsì: Ṣé ìjà lè tọ́ nígbà tí wọ́n bá rẹ́ni jẹ?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣebí ìjà ni Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba, fi borí ọ̀rọ̀ owó orí, kí ló wá dé tí a fi ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin má jà.

Òótọ́ ni, ìjà yẹn so èso. Wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi n'Íbàdàn lọ́dún 1969, ìjọba sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Àmọ́ àwọn agbowó-orí àti ọlọ́pàá ti ń ká àgbẹ̀ mọ́lé, wọ́n ń lù wọ́n. Ẹni tó bá gbèjà ẹ̀mí ara rẹ̀, n kò ní dá a lẹ́bi láéláé. Ẹ̀mí àgbẹ̀ tó bá a lọ ni mi ò lè gbójú fò.

Ti oṣù kẹwàá 2020 nílùú wa ńkọ́? Ìbínú sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń fìyà jẹ aráàlú nígbà náà, tọ́, mo sì wà lẹ́yìn àwọn tó wọ́de tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kí ni ilé ìtajà ńlá tí wọ́n kó lẹ́rù ní àdúgbò Fate ṣe? Ọmọ wa ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀! Báwo ni kíkó ẹrù wọn ṣe máa mú ọlọ́pàá burúkú dé kóòtù? Kónílé-ó-gbélé ló bá gbogbo wa.

Ẹgbẹ́ òṣèlú Ìlọrin Tálákà Pàràpọ̀ ni kí ẹ wò. Ní àwọn ọdún 1950, ìbò ni àwọn mẹ̀kúnnù yẹn fi gba ìgbìmọ̀ ìlú mọ́ àwọn alágbára lọ́wọ́. Ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká lẹ́yìn náà, ó ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀, tiwọn ni màá yàn.