Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ká ọ̀rọ̀ yín sí abẹ́ tábìlì

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ìkòròdú, mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú ìfaradà. Mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀rọ tí ń fa iyanrìn nínú ọ̀sà ń fa àwọ̀n àwọn ọkọ yín ya, pé ẹja tí ẹ ń yan tà kò tó nǹkan mọ́, pé ẹ kò fẹ́ dí ojú ọ̀nà tàbí kí ẹ bá ọlọ́pàá fa wàhálà, àti pé aṣọ ni ẹ fẹ́ rán, tí ẹ óò fi abẹ́rẹ́ kọ ẹ̀dùn ọkàn yín sí, kí ẹ lè gbé e fún àwọn aláṣẹ. Ẹ wá ń béèrè irú aṣọ àti òwú tí ó yẹ, àti bóyá kí ẹ fi aṣọ náà lé aláṣẹ lọ́wọ́ ni tàbí kí ẹ gbé e kọ́ sí gbangba. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ẹ̀pẹ́ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ojú wa sì rí nǹkan, nítorí náà ẹ ní sùúrù bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Kí a tó dé orí òwú, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé aṣọ tí ó rẹwà kò nira fún aláṣẹ láti gbà. Yóò kí yín kú ọwọ́ ọnà, yóò gbà á, yóò sì fi ẹ̀bẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí agbẹ̀bí níbẹ̀, kò sí iná, ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan ni aboyún yóò bá. Àwọn kan nínú wa bímọ sínú mọ́tò lójú ọ̀nà, ẹnì kan bí tirẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Aránṣọ ni wá, àwọn mìíràn nínú wa ń hun ẹní, a kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ìṣèlú. A wá ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú àjákù ìró tí ó ró lóru ọjọ́ náà wá, kí ó fi abẹ́rẹ́ kọ ibi tí ó bímọ sí àti aago tí ó bí i. A rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di aṣọ kan ṣoṣo, a sì kọ ohun tí a ń béèrè sí etí rẹ̀ nísàlẹ̀: agbẹ̀bí lóru, iná, àti omi.

Òṣìṣẹ́ àgbà kan ní ọ́fíìsì tí a gbé e lọ fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ wa. Ó pe ayàwòrán, ó ní kí a tò sẹ́yìn òun, kí a sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan wà láàárín wa tí ọmọ rẹ̀ kò yè nínú ìrìn òru náà. Òun náà ni wọ́n ní kí ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó ka ìlà kan lára aṣọ náà sókè, kò sì sí ẹni tí ó béèrè èwo ni ti ta ni. Nígbà tí a padà lọ bi wọ́n ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé, wọ́n ní kí a jókòó. A jókòó títí oòrùn fi yí, ọ̀gá jáde, ó ní òun ń lọ sí ìpàdé, pé kí a fi ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ fún akọ̀wé òun. Akọ̀wé náà ní òun kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu, kí a lọ kọ lẹ́tà. Nígbà tí a kọ lẹ́tà, ó ní kí alága àdúgbò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Alága àdúgbò sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni ó rán wa.

Ibi ìpàtẹ ọjọ́ àṣà kan ni a ti tún fojú kan aṣọ wa. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn, wọ́n to agbọ̀n àti igbá sórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ti ró lágbára ni. Etí ìsàlẹ̀ tí a kọ ohun tí a ń béèrè sí, wọ́n ti ká a sí abẹ́ tábìlì, wọ́n sì fi píìnì há a. Ẹnì kan ni ó fara balẹ̀ ká a. Ẹnì kan ni ó lọ wá píìnì. Ó dùn mí ju pé kí wọ́n lé wa jáde lọ, nítorí ẹni tí wọ́n bá lé jáde mọ̀ dájú pé wọ́n gbọ́ ohun tí òun sọ. Ní ibẹ̀ náà ni onímọ̀ kan láti àjọ aládàáni kan ti wá bá wa, ó ní iṣẹ́ wa dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i ni ó ba ọnà rẹ̀ jẹ́, pé bí a bá lè tú u kúrò, òun yóò bá wa wá oníbàárà. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú yẹn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òṣìṣẹ́ àgbà náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ ní kò sí ohunkóhun nípa wa nínú fáìlì. Títí di òní, a kò rí aṣọ náà gbà padà.

Àwọn baba ńlá wa kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n ṣe so owó ẹyọ pọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà: èyí tí a so ní ìkọjúsíra ń sọ ti ìrẹ́pọ̀, èyí tí a so ní ìkẹ̀yìnsíra ń sọ ti ìjà. Ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí ó sì fi ìyókù ṣe ọ̀ṣọ́, ẹni tí ó bá sì gbà á mọ̀ pé èsì ń bẹ lọ́rùn òun. Irú rẹ̀ ni kí ẹ rán.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní orílẹ̀-èdè Chile, lẹ́yìn tí àwọn ológun tí Ọ̀gágun Pinochet ṣáájú gba ìjọba ní ọdún 1973, àwọn obìnrin tí ọkọ àti ọmọ wọn di àwátì ń fi àjákù aṣọ ya àwòrán sí ara aṣọ àpò, wọ́n ń rán àwòrán ọlọ́pàá, wọ́n ń rán ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ń rán ti ìyá tí ń béèrè ibi tí ọmọ òun wà. Àjọ kan lábẹ́ ìjọ Àgùdà, Vicaría de la Solidaridad, bá wọn tà á sí òkè òkun, ayé sì gbọ́ ohun tí ìwé ìròyìn ilé wọn kò lè tẹ̀. Lẹ́yìn púpọ̀ nínú àwọn aṣọ náà, wọ́n rán àpò kékeré kan, wọ́n sì fi ìwé pélébé tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Àpò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lò. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 2015, obìnrin kan tí ń jẹ́ Sarah Corbett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rán áńkáṣíìfù fún ọmọ ìgbìmọ̀ 14 tí ń darí iléeṣẹ́ ìtajà ńlá Marks & Spencer, wọ́n ṣe ìwádìí nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rán tirẹ̀, wọ́n sì fi lé wọn lọ́wọ́ ní ìpàdé ọdọọdún, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n san owó tí òṣìṣẹ́ lè fi gbọ́ bùkátà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ náà kéde àfikún owó. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe áńkáṣíìfù nìkan ṣe é: àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń bá ìgbìmọ̀ náà jiyàn lórí owó pẹ̀lú ìwé àti ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ ní ọdún 1947 ṣe kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì kọrin níwájú ààfin nítorí owó orí, títí Aláké fi gbé oyè sílẹ̀ ní ọdún 1949. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yín kò gbọdọ̀ gba ipò lẹ́tà. Kí méjèèjì jọ rìn ni.

Nígbà tí a rán aṣọ kejì, a kò fi ọ̀rọ̀ sí etí mọ́. Àárín gan-an ni a kọ ọ́ sí, ó gba ara àwọn obìnrin tí a rán kọjá, débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ ká ọ̀rọ̀ náà pamọ́ yóò ká àwòrán pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀. A rán àpò sẹ́yìn rẹ̀, a fi ẹ̀dà lẹ́tà sínú rẹ̀, a sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sí ẹ̀dà tí ó kù lọ́wọ́ wa. A rán ìkejì rẹ̀ tí ó jọ ọ́, a gbé e kọ́ sí ibi tí àwọn aboyún ń jókòó ní ọjọ́ ìtọ́jú, níbi tí gbogbo ọkọ tí ó bá tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ wá yóò ti kà á. A sì rán kékeré kékeré fún káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àdúgbò rẹ̀. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ni ó kọ́kọ́ pè wá. Agbẹ̀bí ń sùn síbẹ̀ lóru báyìí, iná sì wà. Omi kò tíì wà, a ṣì ń rán aṣọ lórí rẹ̀.

Ní ti aṣọ tí ẹ béèrè, ẹ lo aṣọ òwú funfun tí ó nípọn, kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kí ó má baà sún kì lẹ́yìn tí ẹ bá ti rán iṣẹ́ sí i. Bí yóò bá wà lóòrùn, ẹ lo òwú pọliẹ́sítà, nítorí òwú lásán máa ń ṣá. Ẹ rẹ òwú pupa àti aláró sínú omi gbígbóná, kí ẹ wò bóyá omi yóò yí àwọ̀ padà. Ẹ lè lẹ àjákù àwọ̀n tí ẹ̀rọ náà fà ya mọ́ ọn, èyí yóò sì sọ ju ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ fọ iyọ̀ àti ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ dáadáa. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí ó lè rọrùn láti so pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n rán aṣọ ìrántí fún àwọn tí àrùn éèdì pa fi ìwọ̀n sàréè, ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 6, gé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1987 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí Washington, ó ti di 1,920, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì rí i mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń kà. Ẹ̀yin náà lè fi ìwọ̀n nǹkan kan tí ẹ ti pàdánù gé tiyín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n ó lè ba gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára aṣọ. Ìjọba àpapọ̀, nípasẹ̀ NIWA, àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi, àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ta ni ó ni àṣẹ lórí ọ̀sà, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá ìjọba àpapọ̀ láre ní ọdún 2024, síbẹ̀ bí ẹ bá lọ sí ọ̀kan, ó lè ní kí ẹ lọ sí èkejì. Ẹ rán ti àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí orúkọ èkejì sì hàn lára ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo káńsù yín pẹ̀lú, nítorí Ìkòròdú nìkan ní káńsù ìdàgbàsókè 5 tí ìjọba ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀, Igbogbo-Baiyeku sì wà lára wọn. Ẹ fi lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ẹni tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti wa iyanrìn níwájú yín. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lóhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un tí wọ́n bá sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kóra jọ ní àlàáfíà, abala 40 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ni kí ẹ fi hàn án.

Ẹ má gbé aṣọ lọ sí ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni nígbà tí ìbò bá ń bọ̀, nítorí wọn yóò wọ̀ ọ́ ní àwọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Bí àjọ kan bá ní òun fẹ́ gbé e lọ fi han ayé, kí ó kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tí yóò dá a padà sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní bo ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ pé kí ẹ fi fún wọn ni àbí kí ẹ gbé e kọ́, méjèèjì ni, ṣùgbọ́n kí èyí tí ó wà ní etí omi tóbi ju èyí tí ó wà lọ́wọ́ aláṣẹ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e lọ, kí àgbà obìnrin kan nínú yín di aṣọ náà mú, kí ó má sì fi í sílẹ̀ títí àwọn tí wọ́n rán an yóò fi ka ohun tí wọ́n kọ sí i sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò.